Ìdajì Òkúta Tó Kù

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nídìí ilé ẹja, àpótí gíláàsì tí ẹja wa ń gbé, ni pé kí n fi ẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ òun díẹ̀. Mo tì í. Omi ìdọ̀tí ti kán sórí táìlì, ó fi àkísà nù ún, ó ká rọ́bà tó fi ń fa omi mọ́ ọwọ́, ó sì fi kọ́ sórí ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Apá ọ̀tún òkúta inú ilé ẹja ló fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní apá òsì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A jẹ iṣu àti ẹyin. Ó ní oorun ń kun òun, ó wọ yàrá lọ sùn lọ́sàn-án, kò sì jí mọ́. Pálọ̀ ni mo wà, mò ń ka ìwé ìròyìn.

Ní ìdílé wa, àwọn ọmọ ọmọ ló máa ń kọ̀wé ìrántí nípa àgbà tó bá lọ. Mọyọ̀, ọmọ tí àkọ́bí wa bí, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ó pè mí lórí fóònù. "Bàbá àgbà, mo ti kọ pé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n, mo ti kọ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, mo ti kọ pé wọ́n fẹ́ràn wa. Kí ni kí n tún kọ?" Mo ní kó kọ nípa òkúta inú ilé ẹja. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ pé n kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kúkú kọ ọ́, Bàbá àgbà. Èmi ò mọ̀ ọ́n." Bí ìwé tó yẹ kí ọmọ ọmọ kọ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọkọ nìyẹn. Ó rẹ̀ mí, n kò sì ní agbára láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n apá òsì tí kò rí fọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé ẹja náà lọ́wọ́ mi, torí náà n óò sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mojísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa ní Sùúrùlérè mọ̀ ọ́n sí Ìyá Bùkọ́lá. Èmi ni Bàbá Bùkọ́lá, olùkọ́ jógíráfì tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe àwa la ra ilé ẹja. Dáyọ̀ ló ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba yàrá ẹ̀yìn ilé wa, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Yaba. Nígbà tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí Kánádà jáde, ó gbé àpótí gíláàsì náà wá sí pálọ̀ wa, tòun ti òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹja pupa mẹ́rin. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó wọn títí ọ̀rẹ́ mi á fi wá gbé wọn." Ọ̀rẹ́ náà kò wá. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Bóyá òun náà ti lọ sí Kánádà.

Inú mi kò dùn sí i. Mo ní pálọ̀ wa kéré, iná kì í dúró, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì ń kùn bí ẹ̀fọn. Mo ní, "Mojí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Báwo ni mo ṣe máa bọ́ ẹja tí n kò ní jẹ?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó tẹjú mọ́ ìhà wọn bí wọ́n ṣe ń mí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wo ọmọ tuntun. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ́ yín. Mi ò tíì jẹ yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń fọ òkúta náà. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja a máa rì sáàárín òkúta. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, omi á bàjẹ́, ẹja á sì máa gòkè wá la ẹnu lójú omi bí ẹni tó sáré dé. Mojí gé ìdí ìgò omi oníke kan dànù, ó ki ọrùn ìgò náà bọ ẹnu rọ́bà gígùn kan, ó sì fi okùn dì í pinpin. Ojú ibi tó gé yẹn ni yóò tẹ̀ bọ inú òkúta. Lẹ́yìn náà, yóò fi ẹnu fa orí kejì rọ́bà títí omi á fi dé, yóò sì yára jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Òkúta á máa jó nínú ìgò, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, wọn kò lè gun rọ́bà, wọn á padà sílẹ̀. Ìdọ̀tí nìkan ni omi ń gbé lọ. Bí ibì kan bá ti mọ́, á sún ìgò síwájú díẹ̀. Ńṣe ló máa ń lóṣòó o. Kì í jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn.

Mo máa ń pè é ní òṣómàálò, orúkọ tí a fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, àwọn tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, tí wọn kì í dìde àfi tí wọ́n bá gba owó tó jẹ wọ́n. "Òṣómàálò, kí lẹja jẹ ọ́?"

"Ìdọ̀tí ni. Mo sì máa gbà á."

Iṣẹ́ tèmi ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń gbé e wá, èmi ni mò ń gbé omi ìdọ̀tí lọ da sídìí ewúro lẹ́yìn ilé. Kò sí ewúro tó tó tiwa ládùúgbò. Àwọn tó ń wá já a kò béèrè ohun tó ń jẹ rí. Ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan rọ́bà. Nígbà mìíràn omi máa ń yára ju bó ṣe rò lọ, á kún un lẹ́nu, á tu ú dànù, èmi á sì yọ ṣùtì sí i láti orí àga mi. Kò bínú sí ìyẹn rí. Á nu ẹnu, á ní, "Ẹni tó bá máa wẹ ọmọ, omi á ta sí i lára."

Kì í fọ gbogbo òkúta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdajì lọ́sẹ̀ yìí, ìdajì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kí iṣẹ́ parí ni mí, nítorí náà ó máa ń bí mi nínú. Mo ní omi ṣì wà, ọwọ́ rẹ ṣì tutù, kí ló dé tí o kò kúkú parí rẹ̀? Ó ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kan tí ojú kò lè rí ń gbé ara òkúta, òun ló ń jẹ májèlé tó ń jáde lára ẹja. Bí a bá fọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, omi á mọ́ lójú, ẹja á sì kú. Òótọ́ ni, mo sì gbà á. Àmọ́ kì í ṣe àlàyé yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn. Bó ṣe di orúnkún mú tó ń dìde díẹ̀díẹ̀ ni mo rántí, àti ohun tó sọ kí ó tó nàró tán: "Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé àwọn ni."

Kì í ṣe obìnrin jẹ́jẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. A bá ara wa jà dáadáa. Tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, èdè Èkó ni yóò fi máa jà, á sì máa pè mí ní "ẹ̀yin". Tó bá wá gbóná, Ìjẹ̀ṣà á jáde, "ẹ̀yin" á di "ìwọ", nítorí àwọn ará ilé wọn kì í fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bá jà. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Èkó kì í gbọ́ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Nígbà tó bá tán, kò ní sọ pé kí n má bínú. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé wa. Yóò po tíì, yóò gbé e síwájú mi, "ẹ̀yin" á sì ti padà dé. "Ẹ mu tíì yín kó tó tutù."

Àwọn obìnrin ìjọ wa náà fara gbá nínú ẹnu rẹ̀. Wọ́n wá gbàdúrà nílé wa lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tó máa ń ríran sì tẹjú mọ́ ilé ẹja títí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Nǹkan olómi nínú pálọ̀ onígbàgbọ́? Ẹ̀mí omi lè gba ibẹ̀ wọlé o." Mojí ń pín míníráà lọ́wọ́. Ó ní, "Arábìnrin, ọmọlanke ni mẹ́ruwà fi ń ti omi wá fún wa nínú ilé yìí. Ẹ̀mí omi wo ló máa wá gbé ibi tí ẹ̀rọ omi kì í yọ?" Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé àdúrà kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Òun kan náà ni, tó bá ra ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìwáyà, á kọ́kọ́ fi táwẹ̀lì bo ilé ẹja kí ó tó gbé ike ẹja kọjá lọ sí kíṣìnì. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ títí. Mo ní ṣé ẹja máa ń ṣọ̀fọ̀ ẹja ni? Ó ní, "Ní ilé ìgbẹ̀bí, a kì í gbé òkú gba iwájú ẹni tó ń rọbí."

Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Muṣin ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. A kì í rin Tẹ̀júoṣó jìnnà kí ẹnì kan tó dá wa dúró. Nígbà kan tí a lọ ra aṣọ fèrèsé, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọjà. "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi! Ìyá mi ló fi yín hàn mí nígbà kan." Mojí fà á dìde, ó gbàdúrà fún un, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Nígbà tí a kọjá, mo bi í bóyá ó rántí rẹ̀.

"Irùngbọ̀n yẹn ni mo máa rántí ni? Igbe wọn nìkan ni mo máa ń gbọ́. Tí wọ́n bá ti ké, iṣẹ́ mi ti parí."

Àwọn tí kò ké ni kì í gbàgbé. Kò sọ̀rọ̀ wọn fún mi, n kò sì bi í. Ṣùgbọ́n mo rò pé mo rí wọn lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà náà. Iná lọ ládùúgbò wa, kò sì dé. Ọkọ̀ tó tò fún epo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Costain, jẹnẹrétọ̀ wa sì gbẹ. Ẹ̀rọ atẹ́gùn inú ilé ẹja dákẹ́. Ooru mú wa, ó mú omi náà. Ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè wá, wọ́n ń la ẹnu. Mojí mú kọ́ọ̀bù kan. Ó bu omi nínú ilé ẹja, ó gbé e sókè, ó dà á padà kí ó lè gbá afẹ́fẹ́ wọlé. Ó tún bù ú. Ó tún dà á. Láti òwúrọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, apá ro mí, ó gbà á padà. Àlájà tó ń gbé ilé kejì wá yá ìṣáná, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Bùkọ́lá! Nítorí ẹja? Ẹ kúkú dín in. Mo ní ata lílọ̀ nílé, mo ní òróró."

"Àlájà, ẹ lọ lọ ata yín kúnná," Mojí bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ni iná dé. Mẹ́ta nínú ẹja náà ti kú. Èyí tó kù ni èyí tí ìrù rẹ̀ ti gé díẹ̀, tí a ń pè ní Alága nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí oúnjẹ. Mo ní n óò ra mẹ́ta mìíràn ní Yaba. Ó ní rárá, kí èyí tó kù kọ́kọ́ sinmi ná. Èmi ni mo bá a gbé abọ́ ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí apá rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ pa ara rẹ̀, ṣé kò ti mọ̀ láti ọ̀sán pé púpọ̀ nínú wọn máa lọ? Ó ní, "Mo mọ̀. Ohun tó bá ṣì ń mí, a kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

Lẹ́yìn tí a sin Mojí, ilé kún. Àbúrò rẹ̀, Fúnmi, wá láti Iléṣà, ó sì ń fi iṣẹ́ ilé pa ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó fọ aṣọ fèrèsé, ó fọ ògiri, ó fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo jáde wá sí pálọ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ti ki ọwọ́ bọ inú ilé ẹja dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti bu abọ́ òkúta kan jáde láti apá òsì, ó ti rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, ìfófòó rẹ̀ ti ga, ó sì ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ẹ̀wà. Ó fẹ́ bu abọ́ kejì.

Mo pariwo. N kò tíì gbé ohùn sókè láti ọjọ́ tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. "Fúnmi! Fi sílẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó dọ̀tí ni."

"Mo mọ̀ pé ó dọ̀tí."

"Àwọn àlejò ń bọ̀, mo ní kí n bá yín—"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó fẹ́ padà wá ṣe é."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí n kò ṣe rí i kó sun ún níbi ìsìnkú. Mo jókòó tì í. Òkúta tó fọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé níbi tó sá a sí bí ẹ̀gúsí. Ó mọ́ tónítóní. N kò jẹ́ kó padà sínú omi mọ́ nítorí ọṣẹ.

Àwọn àlejò lọ. Fúnmi lọ. Bùkọ́lá, àkọ́bí wa, wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá ilé ní ìdákẹ́jẹ́, ó bá omi ẹja tó ti di àwọ̀ tíì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ìyá rẹ̀ wí ti dé, ó ti kọjá, kò sí ẹni tó kan apá òsì. Alága wà lójú omi, ó ń la ẹnu.

"Dádì, ẹja yìí máa kú mọ́ yín lọ́wọ́, ọkàn yín ò sì ní gbà á. Ọkùnrin kan wà ní Yaba tó ń ta irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wá gbé gbogbo ẹ̀."

"Màmá ẹ ló ni ín."

"Mọ́mì ò sí mọ́, Dádì." Ó rọra sọ ọ́. "Ẹ ò lè lóṣòó. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fa rọ́bà yẹn. Bí mo bá padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀ tí omi yìí ṣì rí báyìí, mo máa pè é."

Òótọ́ ló sọ. Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó pè é lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ ń mọ́, mò ń jókòó, ọjọ́ ń ṣú. Mò ń wo rọ́bà lórí ìṣó nígbàkígbà tí mo bá lọ bu omi mu, mo sì ń padà sórí àga. Alága kò kúrò lójú omi. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ní kí mẹ́ruwà já omi sílẹ̀ fún mi, mo ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí Mojí ṣe máa ń ṣe, kí oògùn apakòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. N kò tíì pinnu ohunkóhun. Mo kàn ṣí i sílẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo mú rọ́bà náà sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ká a ló ṣì ká. Orúnkún mi kò gbà mí láti lóṣòó, mo gbé àpótí tí Mojí máa ń jókòó lé bó ẹ̀gúsí wá, mo jókòó sídìí ilé ẹja. Mo tẹ ìgò bọ apá òsì. Mo fa rọ́bà, atẹ́gùn ni mo fà. Mo tún fà á, atẹ́gùn. Mo wá fà á bí ẹni tí inú ń bí, omi náà sì rọ́ dé lójijì, ó kún mi lẹ́nu: iyanrìn, irin, ohun tó ti jẹrà. Mo tu ú sára ṣòkòtò mi. Rọ́bà bọ́ lọ́wọ́ mi, omi tú ká orí táìlì kí n tó rí i jù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo dúró díẹ̀, mò ń wúkọ́. Kò sí ẹni tó yọ ṣùtì sí mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, òkúta ti ń jó nínú ìgò.

Mo sún un síwájú díẹ̀díẹ̀ títí mo fi dé àárín, mo sì dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdọ̀tí mìíràn ti wọ apá ọ̀tún láti ọjọ́ tó ti fọ̀ ọ́. Kò tíì kàn án. Mo fi ẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Mo gbé omi ìdọ̀tí lọ sídìí ewúro, díẹ̀ lẹ́yìn díẹ̀, nítorí n kò lè gbé e ní kíkún mọ́. Mo fi kọ́ọ̀bù bu omi tuntun sí i. Mo nu ilẹ̀. Mo ká rọ́bà mọ́ ọwọ́, mo fi kọ́ sórí ìṣó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Alága ti kúrò lójú omi, ó wà nísàlẹ̀, ó ń fi ẹnu yí òkúta wò.

Bùkọ́lá pè mí. "Dádì, ọ̀la ni mò ń bọ̀ o. Omi yẹn ńkọ́?"

"Mo ti fọ òkúta."

"Ẹ̀yin? Gbogbo ẹ̀?"

"Ìdajì," mo ní. "Màmá ẹ ló fọ ìyókù."